Ẹ̀jẹ̀ Tí Alhaja Fi Pamọ́

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi parọ́ fún màmá mi pé ibà ni mò ń tọ́jú. Mo wà ní gúúsù Malawi nígbà náà, ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá títì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí Mozambique. Àwọn òyìnbó aláàánú kan, tí wọ́n máa ń gbé ìwòsàn lọ síbi tí ìyà bá pọ̀ sí, ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó ń fi ara wọn ṣòwò fún àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn ni mò ń wò. Mo ń tọ́jú àtọ̀sí, mo ń pín kọ́ńdọ́ọ̀mù, mo ń yẹ ẹnu ilé ọmọ wọn wò bóyá jẹjẹrẹ ti ń yọ́ wọlé, mo sì ń fún àwọn tó ní àrùn kògbóògùn ní oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, àrùn tí wọ́n ní kò gbóògùn, èmi ni mò ń pín oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Ta ni yóò wá sọ irú èyí fún ìyá tó ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ Ọlọ́run? Ibà ni mò ń wò. Ẹ̀fọn pọ̀ ní Malawi.

Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo sì rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ní Peckham, mo pa irọ́ náà láró. Mo ní àwọn ọmọdé ni mò ń tọ́jú báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màmá mi ń bi mí lórí fóònù pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń kí i. Irọ́ náà kò sì jìnnà sí òótọ́, nítorí baba ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń sunkún kí n tó fa abẹ́rẹ́ yọ, ọmọdé náà ni.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo pàdé rẹ̀, ohun tí mo sọ ni pé, "Ìwọ náà rèé?" Ohun tó bà mí lẹ́rù ni àánú. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé mo ti ṣiṣẹ́ ní Malawi ló ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti ẹyẹlé, wọ́n á ní ó mà ṣòro fún mi o. Ọdún kan ni mo fi ṣe ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Sydenham kí wọ́n tó gbà pé nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan tí kò ju ogún ọdún lọ mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi àwòrán kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́. Ó bi mí bóyá a máa ń rí ìbọ̀wọ́ lò níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo ní rárá o, ewé kókò la máa ń lò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdánwò tí mo ṣe kí n tó di nọ́ọ̀sì ní ìlú yìí ńkọ́? Ọmọláńgidi oníke ni wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀. Mo kí i. Mo sọ orúkọ mi fún un. Mo bi í léèrè orúkọ tó fẹ́ kí n máa pe òun, mo sì tọrọ ìyọ̀ǹda kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọláńgidi kò fọhùn, àmọ́ wọ́n fún mi ní máàkì. Mo rántí àwọn obìnrin márùndínláàádọ́ta tí mo máa ń wò lójúmọ́ kan lábẹ́ páànù gbígbóná, tí wọ́n ń fọhùn gan-an, tí wọ́n tún ń ṣépè. Mo délé, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, lẹ́yìn náà ni mo sunkún, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí yóò bá mi rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará wa ní Peckham ni wọ́n dá ẹ̀rín náà padà sí mi lẹ́nu. Yorùbá tó ń gbé Peckham kì í ṣe àyẹ̀wò ní Peckham láéláé. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé e lọ sí Lewisham, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Yorùbá tó ń gbé Lewisham náà sì ń gun bọ́ọ̀sì bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo gbà pé ní New Cross ni wọ́n ti máa ń kọjá lára wọn, tí wọ́n á wo ojú fèrèsé, tí kálukú á máa ka àdúrà sínú. Tí wọ́n bá wá dé iwájú mi, tí wọ́n rí ilà kékeré tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n á yí èdè padà kíá. Ọ̀gbẹ́ni kan sọ fún mi pé ọmọ Ghana ni òun. Mo kí i ní Yorùbá nígbà tó ń jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti lẹ́tà. Ní Malawi, tí a bá ti kéde pé a ó ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọn obìnrin á ti jókòó kalẹ̀. Wọ́n á ti rìn láti abúlé tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ọmọ á wà lẹ́yìn wọn. Fínígà la sì fi ń ṣe é, irú èyí tí ẹ ń dà sórí sàláàdì: tí a bá fi òwú tó rẹ sínú fínígà pa ẹnu ilé ọmọ, tí ibì kan bá funfun, a mọ̀ pé ọ̀tá ti débẹ̀, a ó sì jó o kúrò lójú ẹsẹ̀. Ní ìlú yìí, ìjọba ń fi lẹ́tà bẹ̀ yín. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fi sítáǹbù sí i, ẹni tó ń pín lẹ́tà á rù ú nínú òjò wá sẹ́nu ọ̀nà yín, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yìn lẹ́tà náà ni àwọn obìnrin wa máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sí: ata rodo, ẹja, ọṣẹ.

Alhaja tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni olórí àwọn obìnrin Àsàlátù wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àdúrà tí a máa ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, opó, ó ti fọ ọ́fíìsì, ó ti tọ́jú arúgbó, kó tó sinmi. Alhaja mọ gbogbo ohun tó yẹ kí obìnrin Mùsùlùmí máa ṣe, ó sì mọ gbogbo ẹni tí kò ṣe é ní Peckham, títí dé Camberwell. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ti kó jáde, ó ku Kadija, àbígbẹ̀yìn, tí wọ́n bí síbí, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Irọ́ àwọn ọmọdé náà ni mo pa fún Alhaja. Tó bá ń lọ sí ọjà, tó sì kù díẹ̀ kó dé iwájú ilé ìwòsàn wa, ńṣe ló máa ń sọdá sí òdìkejì títì, á fi ìborùn bo imú, àfi bí ẹni pé àtọ̀sí máa ń fò.

Nínú oṣù ààwẹ̀, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa dákú, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Aago méjì ọ̀sán ni mo wọlé. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo bá Alhaja lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí àwọn obìnrin Àsàlátù! Kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

Nígbà tó ṣe, ó gbé e mì. Ó ní, "Ulcer ni."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Alhaja. Ẹ rọra jẹun."

Mo kúrò níbẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ má purọ́ mọ́ mi, inú mi dùn gan-an. Obìnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ gé mi nígbà kan torí pé ìborùn mi yọ̀ sẹ́yìn!

Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ìrun Alásàrì tó, mi ò gbọ́ ìró omi. Alhaja kò ṣe àlùwàlá. Kò kírun Mọ̀ǹgárì náà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, bó ṣe máa ń ṣọ́ àwa. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò tẹ́ ẹní ìkírun, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn yàrá kí a lè rò pé ó wà lórí rẹ̀. Ulcer lè gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, kò lè gba ìrun. Ohun kan ṣoṣo ló ń gba méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ obìnrin nínú ẹ̀sìn wa, ohun náà sì ti dáwọ́ dúró lára Alhaja láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi.

Kadija ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìmọ̀. Ó yọjú sí yàrá mi, ó ní, "Aunty, no offence yeah, ṣé ẹ̀ ń lo pad mi? Tí ẹ bá ń lò ó, it's calm, ẹ kan sọ. Ó ń tán tán tán, I swear down."

Mo ní, "Èmi ni. Má bínú."

Ẹ wò ó, mo tún ti pa òmíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá Alhaja níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà fún ìṣínu. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣà díẹ̀, kí n tó sọ ọ́.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn, láti ìgbà wo?"

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

"Èyí tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ máa kírun."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé malaika tó ń kọ ìrun mi sílẹ̀ ni ẹ́?"

"Láti ìgbà wo, mà?"

Ó sọ òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń wá, ó ń lọ. Mo rò pé Ọlọ́run ló dá a padà. Sárà, ìyàwó Ànábì Ibrahim, ṣé kì í ṣe ìgbà ogbó ló rí tiẹ̀?"

Mo ní, "Alhaja, Sárà rí malaika kó tó rí i. Ta lẹ̀yin rí?"

Ó pòṣé, àmọ́ ojú rẹ̀ ti rọ̀. Mo bi í pé Áfà Àsàlátù wa ńkọ́, kí ló dé tí kò bi wọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Ọmọ tí mo wá ìyàwó fún? Kí n pè é sí kọ̀rọ̀, kí n máa sọ fún un pé abẹ́ mi ń jò?" Ọ̀rọ̀ náà wá dùn mí, nítorí Áfà kékeré tó kọ́ mi ní kéwú ní Ìsẹ́yìn pàápàá mọ̀ ọ́n: ẹ̀jẹ̀ àìsàn kì í ṣe nǹkan oṣù, kò gba ìrun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà òtútù ni ẹni tó ń kọ́ gbogbo wa ní ìrun ti ń pa ìrun jẹ nítorí ohun tí kò tó ìbéèrè kan. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Omi yí sí i lójú, ó sì rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Ó ní, "Mi ò ní lọ kí ọkùnrin kan máa yọjú wo abẹ́ mi. Níbi iṣẹ́ ẹ, lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé yẹn, ṣé wọn ò lè bá mi yọ́ oògùn kan jáde?"

Ibẹ̀ ni irọ́ mi ti dé òpin títì. Mo ní, "Alhaja, mi ò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Ilé tí ẹ máa ń sọdá títì nítorí rẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni mo wà."

"Ibi tí àwọn alátọ̀sí ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì ń fi ọwọ́ yẹn gé àlùbọ́sà mi?"

"Mo máa ń wọ gloves, Alhaja."

Ó ń wò mí. "Ṣé Malawi náà…?"

"Òun náà ni."

"Tó o ní ibà ni?"

"Tí mo ní ibà ni."

Mo ń dúró kó ní kí n kó ẹrù mi. Dípò ìyẹn, ó bi mí, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi ti ọmọ iléèwé: "Tí wọ́n bá ń wò ó, ṣé ó máa ń dun èèyàn?"

Mo la ẹnu láti dáhùn bí mo ṣe ń dáhùn láti ọjọ́ yìí wá. Kò ní dùn yín, èmi náà ti ṣe é. Gbólóhùn yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò ṣe é rí. Èmi tí mo ti wo obìnrin tí mi ò mọye wọn, èmi tí mò ń fi àwọn ará Peckham ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mejì ni lẹ́tà tèmi ti dé, mo sì ti rọ ọ́ sínú bàtà kan kó má baà fún.

Mo sọ ọ́ fún Alhaja, mo sì sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí mọ́ ọn. Ní Malawi, a ní òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Chisomo. Òun náà ti ṣe òwò yẹn rí, òun ló sì máa ń wọ ilé ọtí lọ pe àwọn obìnrin wá. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Sister, irọ́ ni àwọn ọkùnrin fi ń ra àwọn obìnrin yìí, wọ́n mọ irọ́ jù ọ́ lọ. Ìwọ kọ́kọ́ gun bẹ́ẹ̀dì náà kí wọ́n rí ọ." Mo kọ̀, ojú ń tì mí. Ṣé kí àwọn tí a jọ ń jẹun wá máa wo abẹ́ mi? Nígbà tí àwọn obìnrin bá bi mí, mo ní mo ti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Obìnrin gíga kan wà lọ́jọ́ kan tó bi mí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó lọ sílé. Nígbà tó fi máa padà wá lọ́dún kejì, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. A kò nílò fínígà mọ́, ojú lásán ti rí i. Kò lo oṣù méjì sí i láyé.

Alhaja ṣa ẹ̀wà náà tán. Ó da omi sí i. Ó ní, "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gun bẹ́ẹ̀dì."

"Alhaja, tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Tèmi àyẹ̀wò lásán ni, tiyín dókítà gbọ́dọ̀…"

"Mo ní ìwọ lo máa kọ́kọ́ gùn ún."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo pe GP wa, dókítà àdúgbò. Ẹ̀rọ ní èmi ni ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n lórí ìlà, ó sì ń kọrin fún mi. Nígbà tí mo sọ fún akọ̀wé wọn pé obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ń rí ẹ̀jẹ̀, ó wá àyè fún wa lọ́jọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má baà dá òun mọ̀, Alhaja wọ ẹlẹ́hàá, èyí tí kò wọ̀ rí láyé rẹ̀. Ojú nìkan ló kù síta. Bí a ṣe wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró, Yorùbá mẹ́ta dìde. "Ẹ káàárọ̀ o, Alhaja! Ṣé kò sí nǹkan?" Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, gbogbo Peckham ló mọ ìrìn yẹn. Alhaja dáhùn láti inú aṣọ dúdú náà pé, "Nọ́ọ̀sì yìí ni mo sìn wá, ara rẹ̀ kò yá." Àwọn obìnrin náà bá mi káàánú. Wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi lọ́kọ.

Nọ́ọ̀sì tó wò mí jẹ́ ọmọ Jamaica, ó ní kí n jẹ́ kí orúnkún mi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ni. Mo ti sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo ti sọ ọ́ ní èdè wọn ní Malawi, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Orúnkún mi kọ̀. Mo ń wo òrùlé, gbogbo obìnrin tí mo ti pariwo mọ́ pé ẹ má dí mi lọ́wọ́, ilà ṣì gùn, ń kọjá lójú mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaja jókòó lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. "Nọ́ọ̀sì, ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, mà."

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Díẹ̀. Ó tutù."

"Ṣé o ò parọ́?"

"Mi ò parọ́, Alhaja."

Nígbà tó kàn án, dókítà obìnrin ló wọlé. Alhaja di ọwọ́ mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka rẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Dókítà náà wò ó, ó pẹ́ díẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi náà ní i, mo máa ń lò ó tí mo bá ti rí ohun tí mi ò fẹ́ rí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti rí Alhaja ní ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell, wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kò sí ọjọ́ tó gùn bí èyí tí a fi ń retí èsì. Alhaja padà sórí ẹní ìkírun, ó ń ṣe àlùwàlá tuntun ní gbogbo ìrun, ó sì ń dá àwọn tó ti pa jẹ padà, ó ń forí kanlẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ké. Mi ò lè sùn. Mo ń ronú pé, ní Malawi, aláàánú ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ń ya fọ́tò mi pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n ń fi í bẹ àwọn olówó. Iṣẹ́ kan náà ni mò ń ṣe ní Peckham, wọn ò pè é ní àánú mọ́, shift ni wọ́n ń pè é. Lọ́hùn-ún, Sister ará Nigeria ni mí. Níbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì wa láti Áfíríkà. Ní Ìsẹ́yìn, ará Lọ́ńdọ̀nù. Ilé Alhaja nìkan ni wọ́n ti ń pariwo mọ́ mi pé kí n pa iná bí ẹni pé mo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Tí obìnrin yìí bá kú, mi ò mọ ibi tí mo kù sí.

Kadija bá wa lọ lọ́jọ́ èsì. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré, kò tíì rìn. Wọ́n máa gbé ilé ọmọ náà kúrò, ó sì dá wọn lójú pé yóò tán síbẹ̀. Kadija bú sẹ́kún. Alhaja yí sí i.

"Kí lò ń sunkún fún? Ṣé o fẹ́ padà síbẹ̀ ni?"

"Mummy, stop it! Why didn't you tell me? Ẹ̀ ń jí pad mi, ẹ ò sọ fún mi!"

"Èmi ni mo bí ẹ, èmi ni mo tún ń san bill ilé. Jí kọ́."

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Dókítà náà kò mọ ohun tí ó máa ṣe sí wa, ó ń na páálí ìnujú sí gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ náà, tí ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ, mo pe màmá mi. Ó ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, kò sí ọmọ kankan. Abẹ́ àwọn àgbàlagbà ni mò ń wò. Òun náà ni mo ṣe ní Malawi."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́yìn ẹ, ẹ̀gbọ́n ẹ kà á fún mi. Ó ti pẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń béèrè àwọn ọmọ?"

"Mò ń wo ìgbà tí irọ́ máa sú ẹ."

Alhaja padà sí Àsàlátù kí wọ́n tó ní kó padà. Wọn kò tíì gbà kó gbé kẹ́tùrù, ṣùgbọ́n ta ló lè dá a dúró? Àwọn obìnrin ti gbọ́ pé ó ní ibà líle. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń ṣàdúrà, ẹnì kan ní ayé ló fẹ́ fi ibà mú un, Ọlọ́run kò gbà fún wọn. Lẹ́yìn tí a parí wíridì, Alhaja ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò dìde, kò tíì lè dìde kíákíá.

Ó ní, "Kì í ṣe ibà. Jẹjẹrẹ ni, ilé ọmọ mi ló wà. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi láti ìgbà òtútù, mo ń fi í pamọ́ fún yín, mo ń jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án ààwẹ̀. Ọmọ yìí ló mú mi lọ. Ẹ rí ilé tí gbogbo wa máa ń sọdá títì nítorí rẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sọ nípa rẹ̀, kó sọ ọ́ lójú mi. Mo wà láàyè, mo ń gbọ́."

Àwọn kan ń wo ilẹ̀, àwọn kan ń ka tẹ̀sùbáà tí wọ́n ti kà tán. Ìyá kan yára fa ìborùn ọmọ rẹ̀ obìnrin bò ó létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti lé lógún ọdún. Mo rò pé wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn ni. Mo ti ń wá tèmi náà lójú.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ju kó ṣe àmín lọ. Ìyá Rófíà ni wọ́n ń pè é. Ó gbé orí sókè, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú, ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣé pupa ni àbí ó máa ń dúdú díẹ̀?"

Mo dìde, mo gba àárín wọn kọjá, mo lọ jókòó tì í.